Arrokoth: Òkúta Tí A Fi Òjìji Wọ̀n

Ní òru ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2017, wọ́n pa iná ojú pópó ní agbègbè Comodoro Rivadavia, ní gúúsù Argentina. Wọ́n tún dí òpópónà ńlá kan pa fún wákàtí méjì, kí iná ọkọ̀ má baà tàn sójú àwọn awò awọ̀nàjíjìn tí wọ́n tò sínú pápá. Oṣù Keje ni àkókò òtútù lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ Patagonia sì le. Bí afẹ́fẹ́ bá gbọn awò jìgìjìgì lásìkò tí kò yẹ, gbogbo ìrìn àjò náà di òfo. Làwọn awakọ̀ akẹ́rù bá gbé ọkọ̀ wọn wá, wọ́n fi ṣe ògiri fún àwọn awò náà, kí afẹ́fẹ́ máa rí ara ọkọ̀ kọlù.

Awò 24 ló wà níbẹ̀, wọ́n fi kìlómítà díẹ̀ jìnnà síra wọn, bí òpó ọgbà tí wọ́n rì dábùú ilẹ̀. Ohun tí wọ́n ń dúró dè kò ní í pé ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ìràwọ̀ kan tí ojú lásán kò lè rí yóò ṣẹ́jú: yóò wà, kò ní í sí mọ́, yóò tún wà. Ẹni tó bá rí i tó ṣẹ́jú, òjìji òkúta kan tó jìn ju Pluto lọ ló kọjá lórí rẹ̀ yẹn.

Òkúta náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Arrokoth lorúkọ rẹ̀ lónìí. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìròyìn nípa ohun ojú ọ̀run, àmọ́ èyí ni mi ò lè gbàgbé, nítorí pé ọ̀nà tí òkúta yìí ń tọ̀ àti bó ṣe tóbi tó lọ́ mọ́ra wọn bí okùn. Ẹ kò lè mọ bó ṣe tóbi tó bí ẹ kò bá mọ ibi tó wà gan-an, torí òjìji rẹ̀ ni ẹ máa fi wọ̀n ọ́n, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òjìji yẹn máa gbà kí ẹ tó lè lọ dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá wá rí òjìji náà tán, òun kan náà ló máa sọ ibi tí òkúta wà fún yín, ju bí awò èyíkéyìí ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Ọkọ̀ òfurufú New Horizons ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó gbéra ní Cape Canaveral, ní Florida, lọ́jọ́ 19 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2006, Pluto ló ń lọ. Ọkọ̀ tó ń sá irú eré bẹ́ẹ̀ kò lè dúró nígbà tó bá dé Pluto. Ńṣe ló máa ya àwòrán, tó máa kọjá, tó máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó rán an níṣẹ́ mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi epo díẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀ pé bó bá kọjá Pluto, kó tún rí nǹkan mìíràn wò ní Kuiper Belt, gbalasa tó wà lẹ́yìn Neptune, pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà sí oòrùn jù lọ, níbi tí àwọn òkúta oníyìnyín tó ṣẹ́ kù nígbà tí oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ń dá sílẹ̀ ṣì ń rìn káàkiri. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò tíì sí òkúta kankan tí wọ́n mọ̀ tí ọkọ̀ náà lè dé.

Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti ń fi awò Subaru ní Hawaii àti àwọn awò Magellan ní Chile wá a. Wọ́n rí òkúta tuntun tó lé ní 50. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí epo tó kù lè gbé ọkọ̀ dé, nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọkọ̀ lè fi yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2014, tó ku bí ọdún kan kó dé Pluto, wọ́n lọ bẹ àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ Hubble, awò tó ń yí ayé po lókè òfurufú, pé kí wọ́n yá àwọn ní àkókò. Wọn kò ṣàdédé fún wọn. Wọ́n ní kí Hubble kọ́kọ́ fi ìgbà 40 tó yí ayé po wá a. Bí wọ́n bá rí òkúta méjì, ó kéré tán, wọn yóò fún wọn ní èyí tó kù. Wọ́n rí méjì. Wọ́n sì fún wọn ní nǹkan bí ìgbà 160 sí i.

Inú àwòrán tí Hubble yà lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2014 ni òkúta wa wà. Marc Buie, onímọ̀ nípa ojú ọ̀run ní Southwest Research Institute ní Boulder, Colorado, ló ṣáájú àwọn tó ń wá a. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ohun tí wọ́n rí, torí ẹni bá gbọ́ pé wọ́n “rí òkúta” lè rò pé wọ́n rí ohun tó dà bí òkúta. Àmì tó-tò-tó kan ni, nínú àwòrán tó kún fún ìràwọ̀ bí iyanrìn. Nínú àwòrán kejì, ó ti sún díẹ̀. Nínú ìkẹta, ó tún sún, lójú ìlà kan náà. Àwọn ìràwọ̀ dúró sí àyè wọn. Ohun tó bá ń sún láàárín ohun tó dúró, nítòsí wa ló wà.

PT1 ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é láàárín ara wọn, lẹ́yìn náà ó gba àmì 2014 MU69. Ìgbà tó yá ló gba nọ́ńbà tirẹ̀, 486958.

Báwo ni àmì tó ń sún ṣe ń di ọ̀nà tí a lè ya sórí ìwé? Ẹ rántí ìgbà tí ẹ wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré ní òpópónà. Igi etí ọ̀nà ń sá sẹ́yìn fìrì, òkè tó wà lọ́nà jíjìn ń sá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, òṣùpá kò sá rárá. Ayé tí a wà lórí rẹ̀ ni ọkọ̀ yẹn, ó ń fi nǹkan bí 30 km yí oòrùn po ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú sísún tí àmì náà ń sún, ìrìn tiwa ló fà á, bó sì ṣe lọ́ra tó ló ń sọ bó ṣe jìnnà tó. Ìyókù, èyí tó kéré gan-an, ni ìrìn òkúta fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó ya méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ máa padà lọ wò ó: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn oṣù díẹ̀, lẹ́yìn ọdún kan. Òkúta náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, Hubble nìkan ló lè ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rí i ni ọ̀nà náà ń já geere sí i.

Ọ̀nà tí wọ́n rí nìyí. Bí a bá fi jíjìnnà ayé sí oòrùn, tí í ṣe nǹkan bí mílíọ̀nù 150 km, ṣe òṣùwọ̀n kan, òkúta náà wà ní òṣùwọ̀n 44.6 sí oòrùn ní ìpíndọ́gba. Ìgbà tó bá sún mọ́ oòrùn jù, 42.7 ni, ìgbà tó bá jìnnà jù, nǹkan bí 46.4. Ọ̀nà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí roboto, kò sì tẹ̀ ju nǹkan bí dígíríì 2.5 lọ sí pẹpẹ tí ayé fi ń yí oòrùn po. Ó ń gbà á ní nǹkan bí ọdún 298 láti yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tó wà níbi tí Hubble ti rí i yẹn kẹ́yìn, nǹkan bí ọdún 1716, Ọ̀yọ́-Ilé ṣì wà nínú ọlá rẹ̀, Ìbàdàn kò tíì di ìlú. Wọ́n wo òkúta yìí fún ọdún mẹ́rin àbọ̀ kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́rin àbọ̀ nínú 298 kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn rẹ̀.

Roboto tí ọ̀nà rẹ̀ rí yẹn kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò. Òkúta tí Neptune bá ti fà sún mọ́ra tàbí tì kúrò lọ́nà rí, ọ̀nà rẹ̀ máa ń gùn bọrọgidi, ó máa ń tẹ̀ sókè sódò. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ ń sọ fún wọn, kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀ rárá, pé kò sẹ́ni tó tì í rí, pé ibi tí wọ́n bí i sí láti bílíọ̀nù mẹ́rin ọdún àti ààbọ̀ sẹ́yìn ló ṣì wà. Ohun tó bá pẹ́ tó báyẹn tí kò kúrò lójú kan yẹ ní rírí.

Òkúta mẹ́ta ni Hubble bá wọn rí tó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ dé. Ìkẹta, PT3, mọ́lẹ̀ ju PT1 lọ, ó sì ṣeé ṣe kó tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n epo tó máa gbà pọ̀ jù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti kọjá Pluto lọ́jọ́ 14 oṣù Keje, NASA, àjọ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mú PT1. Láàárín ìparí oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, wọ́n tan ẹ̀ńjìnnì kéékèèké ara ọkọ̀ náà nígbà mẹ́rin, wọ́n sì yí orí rẹ̀ sí ohun tí wọn kò mọ̀ ju àmì tó ń sún lọ.

Ìtóbi rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo bí ó ti le tó. Ẹ gbé òkúta tó gùn ní 36 km sí ibi tó jìnnà ní bílíọ̀nù 6.5 km. Mo ṣírò rẹ̀: ó dà bí ìgbà tí ẹ dúró sí Èkó tí ẹ ń wo ekùrọ́ kan tí wọ́n gbé sílẹ̀ ní Dakar. Kò sí awò tó lè fi yín hàn pé ekùrọ́ ni, tàbí pé ó rí róbótó, tàbí pé ó gùn. Bó ṣe mọ́lẹ̀ tó nìkan ni ẹ ó rí. Ìmọ́lẹ̀ sì ń tanni jẹ, torí pé ẹfun kékeré àti èédú ńlá lè dá ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ oòrùn kan náà padà. Bí òkúta yìí bá dúdú bí èédú, ó lè gùn ní 40 km tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bó bá funfun díẹ̀, ó lè máà tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Òjìji ló yanjú ẹ̀. Nínú yàrá, bí ẹ bá na ọwọ́ sí iwájú àtùpà, bí ọwọ́ bá ṣe ń sún mọ́ iná ni òjìji ń tóbi sí i lára ògiri, torí iná náà wà nítòsí. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ọ̀nà tó jìnnà bí ìràwọ̀ wá, ó máa ń dé lọ́gbọọgba ni. Òjìji tí ìràwọ̀ mú òkúta jù sílẹ̀ kò ní í tóbi ju òkúta lọ, kò sì ní í kéré sí i. Bí òkúta bá fẹ̀ ní 30 km, òjìji tó fẹ̀ ní 30 km ló máa sá kọjá lórí ilẹ̀ ayé wa. Ẹni tó bá wà nínú ẹ̀ máa rí i tí ìràwọ̀ parẹ́. Bí ẹ bá mọ eré tí òjìji ń sá, tí ẹ sì mọ bí ìràwọ̀ ṣe pẹ́ tó kó tó yọ padà, ẹ ti mọ gígùn òkúta lójú ìlà kan. Ẹni tó dúró díẹ̀ sí apá òsì máa rí ìlà tirẹ̀, ẹni tó dúró sí apá ọ̀tún máa rí tirẹ̀. Ẹ to àwọn ìlà náà síra wọn, ẹ ti rí bí òkúta ṣe rí.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lè dúró sínú òjìji tí kò fẹ̀ ju 30 km lọ, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà òkúta, kí ẹ tún mọ ibi tí ìràwọ̀ tó máa bò wà. Àṣìṣe bíńtín ní òkè, ó ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni Gaia ti wúlò. Ẹ̀rọ yìí, tí àjọ òfurufú ilẹ̀ Yúróòpù rán lọ sókè lọ́dún 2013, wọn ibi tí ìràwọ̀ tó lé ní bílíọ̀nù kan wà títí di ọdún 2025. Àwọn onímọ̀ tó ń bójú tó o fún ẹgbẹ́ New Horizons ní ìwọ̀n àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n nílò kí wọ́n tó gbé e jáde fún aráyé. Mo rò pé iṣẹ́ rere yìí kò gba ìyìn tó yẹ ẹ́. Láìsí i, orí òfo ni gbogbo wọn ì bá ti lọ dúró.

Ìgbà mẹ́ta ni òkúta náà máa bo ìràwọ̀ lọ́dún 2017. Ti àkọ́kọ́, ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, wọ́n pín ara wọn sí South Africa àti Argentina pẹ̀lú awò 25 tó ṣeé gbé káàkiri. Wọ́n dúró, ojú ọ̀run mọ́, wọ́n gba ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sílẹ̀. Ìràwọ̀ kò ṣẹ́jú níbì kankan.

Ẹ fojú inú wo bí ara wọn á ti rí. Ṣùgbọ́n àìrí náà ní ohun tó ń sọ. Bí òkúta náà bá tóbi bí àwọn kan ti rò, ó ṣòro kó yọ́ kọjá láàárín gbogbo wọn. Ó lè jẹ́ pé ó kéré, pé ó sì mọ́lẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Àwọn kan tilẹ̀ ní bóyá ọ̀wọ́ òkúta kéékèèké ni, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ìkejì, ọjọ́ 10 oṣù Keje, orí òkun Pàsífíìkì ni òjìji máa gbà. Wọ́n bá fi ọkọ̀ òfurufú lọ pàdé rẹ̀. SOFIA ni orúkọ ọkọ̀ náà, Boeing 747 tí Amẹ́ríkà àti Jámánì jọ ní nígbà náà, tí wọ́n ṣí ìhà rẹ̀ tí wọ́n gbé awò ńlá sí. Ó gbéra láti Christchurch ní New Zealand, ó sì fò lọ sí àárín òkun láti dé ojú ibì kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan pàtó. Nígbà tí wọ́n yẹ ohun tó gbà wá sílé wò fínnífínní, ìlà kan wà níbẹ̀, kúkúrú gan-an: etí òjìji ló gbà.

A ti dé Comodoro Rivadavia padà. Lọ́jọ́ 17 oṣù Keje, awò márùn-ún nínú 24 rí i tí ìràwọ̀ parẹ́. Márùn-ún! Òkúta tí ẹnikẹ́ni kò rí ju àmì lọ, ó ti ní ìlà márùn-ún tí a lè tò. Nígbà tí wọ́n tò wọ́n, wọn kò rí ohun tó rí roboto. Ohun tó gùn tó nǹkan bí 30 km, tó sì fẹ̀ ní 20, tí àárín rẹ̀ fún bí ọrùn ni. Ó lè jẹ́ ẹyọ òkúta tí apá kan rẹ̀ ti já, ó lè jẹ́ méjì tó fara kanra, ó lè jẹ́ méjì tó ń yí ara wọn po nítòsí. Wọ́n tún ti mọ ìdáhùn ẹfun àti èédú: nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó bà lé e ló ń dá padà. Bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti mọ àwọn tó wà nínú òjìji àti àwọn tí kò sí nínú ẹ̀, wọ́n ti mọ ibi tí òkúta wà lójú ọ̀run ní òru náà débi pé wọ́n lè tún ọ̀nà rẹ̀ yà. Ọ̀nà ló mú wọn dé ibi òjìji. Òjìji ló wá tún ọ̀nà náà ṣe.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Áfíríkà lọ̀rọ̀ kàn, apá tiwa níbí. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2018, òkúta náà tún máa bo ìràwọ̀ kan, òjìji rẹ̀ sì máa gba orí Senegal àti Colombia. Ẹ̀rọ 22 ni wọ́n gbé lọ. Àwọn onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Senegal bá wọn ṣe é, Maram Kaire, tó ti ń tan ìmọ̀ ojú ọ̀run kálẹ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, sì wà nínú wọn. Ẹni tó bá mọ oṣù Kẹjọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti mọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Àkókò òjò ni; ìkùukùu lè bo ojú ọ̀run láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kó má sì sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí i. Ìlà méjì ni wọ́n mú bọ̀. Ní ìfiwéra pẹ̀lú márùn-ún ti Argentina, méjì lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ẹ fi í pamọ́, a ó padà sórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ 16 oṣù Kẹjọ kan náà, kámẹ́rà New Horizons fúnra rẹ̀ rí òkúta náà fún ìgbà àkọ́kọ́, láti ibi tó jìnnà ní mílíọ̀nù 172 km. Wọ́n ní láti yọ ìmọ́lẹ̀ ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò nínú àwòrán kó tó hàn. Ibi tí ìṣírò ní kó wà ló wà.

Ohun kan ṣì ń ta wọ́n lójú. Ohun tó bá gùn tó sì ń yí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i kó máa dín kù, bó ṣe ń fi ìhà tó gbòòrò hàn tó sì ń fi ìhà tó fún hàn. Hubble ti wo èyí títí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ọkọ̀ sún mọ́ ọn, kò yí padà. Òjìji ní ó gùn, ìmọ́lẹ̀ ní rárá.

Ọkọ̀ náà kọjá níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, ní agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 33 ìdájí ní aago Nàìjíríà, ìgbà tí àwọn tó lọ sí ìsìn àìsùn ọdún tuntun ń bọ̀ sílé. Ó fi nǹkan bí 3,500 km jìnnà sí i, ó sì ń sá 14.3 km ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní irú eré yẹn, ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan péré ṣìrò àkókò ti ṣi ibi tó yẹ kó kọjú kámẹ́rà sí ní ohun tó ju 850 km lọ, yóò sì ya òkùnkùn sílé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sùn sínú pápá ní Patagonia. Ṣíṣẹ́jú àwọn ìràwọ̀ wọ̀nyẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa ní kí ọkọ̀ wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bá ọkọ̀ sọ láti ayé ń gba ohun tó lé ní wákàtí mẹ́fà kó tó dé etí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè pariwo sí i pé “yà sọ́tùn-ún.” Ìròyìn pé ó ti ṣe é dé ayé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nǹkan bí agogo mẹ́rin ààbọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí dé, gbogbo rẹ̀ sì yé wọn. Ẹ̀pà oníhóró méjì tí wọn kò tíì bó ni: òkúta méjì tó fara kanra, ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò yí padà nítorí pé orí òpó tó ń yí lé kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, bí fáànù àjà tí ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń wò. Apá fáànù ń yí, ṣùgbọ́n fífẹ̀ kan náà ló ń kọjú sí yín nígbà gbogbo. Òjìji kò purọ́, ìmọ́lẹ̀ náà kò purọ́.

Nígbà tó di oṣù Kejì, àwọn àwòrán tí ọkọ̀ yà nígbà tó ti kọjá tó wẹ̀yìn dé, wọ́n sì fi hàn pé ó pẹlẹbẹ. Èyí tó tóbi nínú méjèèjì dà bí àkàrà tí wọ́n tẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí ni pé gbogbo rẹ̀ gùn ní 36 km, ó fẹ̀ ní 20, ó nípọn ní 10. Gígùn rẹ̀ fi díẹ̀ ju Ilé-Ifẹ̀ sí Òṣogbo lọ bí ẹyẹ bá fò tààrà. Pupa ni àwọ̀ rẹ̀, wọ́n rí yìnyín mẹ́táńọ́ọ̀lù lára rẹ̀, ihò tí òkúta mìíràn kọlù ú dá sí i lára kò pọ̀. Ọrùn náà kò fọ́, kò sán. Òkúta méjì tó bá kọlu ara wọn kì í rí bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni àwọn wọ̀nyí fi pàdé, bóyá kò yára ju bí èèyàn ṣe ń rìn lọ, wọ́n sì fara tì ara wọn títí di òní. Ohun tí ọ̀nà roboto yẹn ti ń sọ láti ọdún 2014 nìyẹn: kò sẹ́ni tó dà á láàmú.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ló gba orúkọ Arrokoth, tó túmọ̀ sí “ojú ọ̀run” ní Powhatan, èdè àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ kan ní Amẹ́ríkà. Àwọn àgbà ẹ̀yà Pamunkey, tí ilẹ̀ baba wọn wà ní agbègbè Chesapeake níbi tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀ náà, ló fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn gan-an ju èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi pè é lọ.

Ó ku ìlà méjì tí mo ní kí ẹ fi pamọ́. Láti inú àwòrán ọkọ̀, wọ́n mọ̀ pé Arrokoth ń yí lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí 15.92, ó lè fi 0.02 lé tàbí dín. Ó dà bíi pé ó péye. Ṣùgbọ́n láti òru Argentina sí ìdájí ọdún tuntun yẹn, òkúta náà ti yí tó nǹkan bí ìgbà 800. Ẹ fi 0.02 sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìgbà 800: wákàtí 16, odindi yíyí kan. Ọkọ̀ nìkan kò lè sọ ìhà tí Arrokoth kọ sí wa lóru tí wọ́n pa iná ojú pópó. Òjìji oṣù Kẹjọ 2018 wà láàárín, nǹkan bí ìgbà 226 péré tó yí ṣáájú kí ọkọ̀ tó dé. Nígbà tí wọ́n to àwọn ìlà Argentina, ìlà kékeré SOFIA àti méjì ti ọdún 2018 pọ̀ mọ́ àwòrán ọkọ̀, ó ku ìwọ̀n kan ṣoṣo tó bá gbogbo wọn mu: wákàtí 15.9380, ó lè fi 0.0005 lé tàbí dín. Ìyẹn kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì, àkókò tí ìràwọ̀ fi ṣẹ́jú lórí pápá.